Mo Sọ Fún Ìyàwó Mi Pé Ìwé Ní Kò Ní Sùúrù

Ìyàwó mi ní sùúrù. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo rí i lójú ìwé, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣírò rẹ̀, síbẹ̀ mo wo obìnrin náà lójú kòrókòró, mo ní kò ní. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, torí ẹ máa bú mi, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, kì í ṣe èébú. Mi ò kọ orúkọ mi síbí, mi ò sì ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ. Ìyá Fúnmi ni kí a máa pe ìyàwó mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fúnmi kọ́ ni ọmọ wa ń jẹ́. Iléṣà là ń gbé. Kíláàkì ni mí ní ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tísà, mo sì mọ iṣẹ́ mi, kò sẹ́ni tó lè ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ọmọ Ọ̀tan-Ilé ni ìyàwó mi, bàbá rẹ̀ lóko kòkó. Èmi àti obìnrin yìí la jọ ka ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ dára ju tèmi lọ, gbogbo ilé ìwé ló mọ̀, ìyá tèmi gan-an mọ̀. Nígbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ ní òun ò ní bi mí ní ohun púpọ̀, ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: bí ó bá ti já ọmọ àkọ́kọ́ lẹ́nu ọmú, kí n jẹ́ kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ tísà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ẹbí, mo ní mo gbà. Kí ni ọkùnrin tó ń wá ìyàwó kì í gbà? Bí wọ́n bá ní kí n gbé òkè wá ní ọjọ́ yẹn, màá ní mo gbà. Mo rò pé tó bá yá á gbàgbé. Kò gbàgbé o... Ọmọ ò tíì pé ọdún kan tó ti ń bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù.

Ìgbà náà sì ni ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ pọ̀ bí eṣú, tísà ò tó. Òyìnbó kan wá sí ọ́fíìsì wa, gíga, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kí a má kàn máa mú ẹni tó mọ̀wé nìkan, kí á mú ẹni tó ní ìwà tísà. Ó wá kọ ìbéèrè ogójì, a bá a túmọ̀ rẹ̀, a ní kí gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wá dáhùn rẹ̀ ní Iléṣà àti ní Òṣogbo, ìyàwó mi sì wà lára àwọn ti Iléṣà. Gbólóhùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí gbólóhùn náà kò bá bá ọ mu rárá, wàá sàmì sí ení, bó bá bá ọ mu gan-an, wàá sàmì sí márùn-ún. Àwọn kan wà fún ìgbọràn, àwọn kan fún ètò, àwọn kan fún ìgboyà níwájú èèyàn, mẹ́fà sì wà fún sùúrù pẹ̀lú ọmọdé.

Ṣùgbọ́n òyìnbó ní ìbéèrè lásán kò tó, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí á mọ èyí tó dára níbẹ̀. Èmi ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo sì yára mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, mo fi yangàn. Ó ní bí ẹni tó sàmì sí márùn-ún ní ìbéèrè kẹta bá máa ń sàmì sí márùn-ún ní ìkọkànlá àti ìkọkàndínlógún, a jẹ́ pé àwọn mẹ́ta yẹn jọ ń rìn, ohun kan náà ló wà nídìí wọn tí ojú ò rí. Bí o bá rí ọmọ mẹ́ta lójú ọ̀nà tí imú wọn jọra, o ò tíì rí ìyá wọn, àbí, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ìyá kan wà nílé. Fákítọ̀ ni òyìnbó ń pe ìyá yẹn. Ìbéèrè tí kò bá bá ìyá kankan tan, tí nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe bá a tan tó kò tó ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, kí á fi pẹ́ńsùlù pupa fagi lé e, a ò mọ ohun tó ń wọ̀n. Ẹ̀rọ ìṣirò kan wà lórí tábìlì mi, irin dúdú, wàá tẹ nọ́ńbà sí i, wàá wá máa fi ọwọ́ yí ìdìmú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbírígbírí. Mo yí i títí ọrùn ọwọ́ mi fi wú.

Àwọn ìbéèrè sùúrù yìí ní wàhálà tiwọn. Òdì la fi kọ wọ́n, torí òyìnbó ní bí a bá bi èèyàn bóyá ó ní sùúrù, ta ni yóò ní òun ò ní? Nítorí náà a kọ ọ́ báyìí: ó máa ń sú mi kí n tún ohun kan náà wí fún ọmọdé. Ọmọ tó bá ń sunkún máa ń bí mi nínú. Mi ò lè dúró de ọmọ tí kò tètè mọ nǹkan. Ẹni tó bá sàmì sí ení níbẹ̀, òun gan-an ni onísùúrù. Bí a bá wá ń kó ìdáhùn sínú ìwé ńlá, a gbọ́dọ̀ yí ti àwọn mẹ́fà yìí padà, kí ení di márùn-ún, kí méjì di mẹ́rin, lórí ìwé gbogbo èèyàn láìku ẹnìkan. Bí o bá yí ọ̀kan tí o fi ọ̀kan sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dà rú, ìbéèrè kan ò ní bá èkejì rìn mọ́.

Èmi ló ń kó ti Iléṣà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ rélùwéè ló ń kó ti Òṣogbo, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òyìnbó. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ kí wọ́n má baà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wọ lọ́rì lọ kó ìwé ńlá náà wá láti Òṣogbo, mo jókòó, mo fi í wé ìwé tí àwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn kọ... Háà. Lórí ìwé kan bàbá yí ìbéèrè kẹta, kò yí ìkọkànlá. Lórí òmíràn ó yí ìkọkànlá, kò yí ìkẹta. Lórí òmíràn kò yí nǹkan kan. Mo rẹ́rìn-ín. Mo mú rọ́bà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó bàjẹ́ rẹ́, mo ń tún un kọ. Mo tún ojú ìwé méjì ṣe kí ọ́fíìsì tó palẹ̀ mọ́. Títí di wákàtí yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì ní èrò burúkú kankan nínú.

Mo délé. Ìyàwó mi ti gba aṣọ méjì lọ́wọ́ télọ̀, èyí tí yóò máa wọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó wọ ọ̀kan, ó ń yí po láàrin ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin ilé ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ káàbọ̀ o, ọkọ tísà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọkọ tísà! Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe dún? Kíláàkì tó ń kó nọ́ńbà kiri lórí tábìlì, ìyàwó rẹ̀ á dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, àwọn èèyàn á máa wá kí i nílé, èmi á máa gbé àga fún wọn. Mo jẹun. Mo ní aṣọ náà dára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo mú ojú ìwé méjì tí mo ti tún ṣe, mo dà wọ́n padà sí bí bàbá ṣe kọ wọ́n. Ìyẹn nìkan ò tó. Mo gbé ti Iléṣà tí mo fi ọwọ́ ara mi kó, tó mọ́ fínnífínní, mo bà á jẹ́ bákan náà, ibi kan mo yí, ibi kan mi ò yí, mo ń ṣe é bí ẹni ń gbin àgbàdo sáàrin iṣu. Ìwé tìyàwó mi wà nínú àpótí. Orúkọ kò sí lórí rẹ̀, nọ́ńbà ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ nọ́ńbà náà. Ní gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ení, ení, ení... Kì í ṣe pé ó purọ́ o. Mo ti rí i ní Sọ́ńdè sùkúù níbi tó ti ń kọ́ ọmọ kan ní orúkọ àwọn ọmọ Jékọ́bù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọmọ yẹn fi ń gbàgbé Náfútálì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí Rúbẹ́nì fún un, tí inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nínú ìgbọràn àti ètò kò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Sùúrù yẹn nìkan ni yóò gbé e wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí a bá sì mú un kúrò, ó ti ṣubú nìyẹn.

A ṣírò rẹ̀. Ìgbọràn jáde, ètò jáde, ìgboyà jáde, ó mọ́ lójú bí ọ̀sán. Àwọn mẹ́fà ti sùúrù fọ́n káàkiri, kò sí èyí tó tó ọgbọ̀n. Ó dun òyìnbó náà. Ó ní òun rò pé ìyẹn gan-an ni yóò lágbára jù. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá a yí gbogbo wọn.

“Gbogbo wọn ni mo ti yí, sà,” ni mo wí.

Ó gbà á gbọ́. Ó fi pẹ́ńsùlù pupa fagi lé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì ní bóyá láàrin àwọn èèyàn yín, sùúrù kì í ṣe ohun tó dá dúró. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sílùú wọn. Báyìí ni gbogbo wa ṣe di aláìnísùúrù nítorí tèmi. Mo tún bá a mú rúlà kí ìlà rẹ̀ baà lè gún.

Èmi ni mo mú lẹ́tà ìyàwó mi wá sílé. Ó ń ṣa ẹ̀wà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́tà kò ju ìlà méjì lọ, ó ní ìwà tó yẹ tísà kò tíì hàn lára rẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá gbójú sókè sí mi, torí èmi ni mo mọ ohun tó wà nínú ìwé náà. Ó bi mí pé kí ni òun ṣe kù. Ẹ̀yin èèyàn, mo lè ní mi ò mọ̀. Mo lè ní ọdún tó ń bọ̀ ni. Kí ló dé tí mi ò sọ bẹ́ẹ̀?

“Sùúrù ni,” mo dá a lóhùn. “Ìwé ní o ò ní sùúrù fún ọmọdé.”

Kò sunkún. Ó kàn yíjú wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó padà sídìí ẹ̀wà. Ó dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́ fún yín.

Pé ó gbà á gbọ́ ni wàhálà. Èmi ò mọ̀ pé yóò gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi Sọ́ńdè sùkúù sílẹ̀, ó sọ fún pásítọ̀ pé òun ò fẹ́ ṣe ọmọ ọlọ́mọ níbi. Bí ọmọ wa bá ń sunkún, á gbé e sílẹ̀, á bọ́ síta, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí á fi dá a lójú pé òun ò bínú, kó tó wọlé. Èmi wá sọ ọ́ di orin. Bí oúnjẹ bá pẹ́, ṣé ìwé ò ti wí i? Bó bá gbóhùn sókè sí alájàpá ní ẹnu ọ̀nà, ṣé ìwé ò ti wí i? Lọ́jọ́ kan ọmọ da epo pupa sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Kò lù ú o! Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì fà á sẹ́yìn bí ẹni fọwọ́ kan iná. Mo ní ṣó o rí i báyìí, ìwé ò purọ́ mọ́ ọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló di aṣọ ọmọ. Ó ní kí á gbé e lọ fún ìyá òun ní Ọ̀tan-Ilé kí òun má baà ṣe é léṣe lọ́jọ́ kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì! Mo gbé ẹrù ọmọ náà dé ìdí lọ́rì, mo bá dírẹ́bà ṣàwàdà. Ọmọ ti ń sáré kiri báyìí, ó ti ń kàwé. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló ń pè ní Màmá. Bí a bá lọ síbẹ̀, Àǹtí ló ń pe ìyàwó mi, ìyàwó mi á sì jẹ́ ẹ.

Ẹ má rò pé mo ti ronú pìwà dà, ìdí kọ́ nìyẹn tí mo fi kọ̀wé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òyìnbó ti lọ, ọmọ Yorùbá kan tó kàwé lókè òkun ló wà ní ipò rẹ̀. Àwọn òbí ń wá fẹjọ́ sùn pé àwọn tísà tí a mú wọ̀nyí, ètò wọn dára, wọ́n ń bẹ̀rù ọ̀gá, ṣùgbọ́n wọn ò lè fara da ọmọdé, pàṣán ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní A B D. Ọ̀gá tuntun ní kí n kó ìṣirò àtijọ́ wá, ó ní kí n kó ìwé tí àwọn èèyàn fọwọ́ kọ wá pẹ̀lú. Ọ̀sán kan ṣoṣo ló fi rí i. Ó ní ta ló kó ti Òṣogbo? Mo ní bàbá rélùwéè ni. Ó ní ti Iléṣà ńkọ́? Mo ní bàbá náà ló bá mi kó o nígbà tí ibà dá mi dúbúlẹ̀. Bàbá ti kú, ta ni yóò bi í? Ọ̀gá náà mi orí, ó ní ojú àgbà ni. Ó tún gbóríyìn fún mi pé mo tọ́jú ìwé dáadáa tí òun fi rí gbogbo rẹ̀.

A yí gbogbo wọn padà bó ṣe yẹ, èmi náà ni mo tún yí ẹ̀rọ. Sùúrù jáde, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ dúró, wọ́n tún lágbára ju gbogbo ìyókù lọ. Ọ̀gá wá ka ogún èèyàn tí ìṣirò àtijọ́ dá padà, ó ní kí á kọ lẹ́tà sí wọn, kí wọ́n wá rí òun, kò ní sí ìdánwò mọ́. Ó na ìka sí nọ́ńbà kan, ó ní kò sí ẹni tó ju obìnrin yìí lọ ní Iléṣà àti Òṣogbo, ó ní ó wu òun láti rí i. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló fi gba fọ́ọ̀mù, ọ̀gá ò mọ̀ pé ìyàwó mi ni. Mo lẹ sítáǹpù mọ́ gbogbo lẹ́tà. Mo fi mọ́kàndínlógún ránṣẹ́. Àwọn yẹn, mi ò mọ̀ wọ́n, ohun tí mo ṣe fún wọn kò sì gba oorun lójú mi rí. Èyí tó pé ogún, tìyàwó mi, wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìṣirò lórí tábìlì mi.

Sọ́ńdè tó kọjá, à ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ìyàwó mi rọra ń bọ̀ lẹ́yìn mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró lójijì. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan tí òun ti ń fẹ́ bá mi sọ, ojú ló ń ti òun.

“Bàbá Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ọ̀gá yín bóyá sùúrù ṣe é kọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọ́ ọ, mi ò sì mọ̀ bóyá ó ti tó kí n lọ mú ọmọ mi wá.”

Mo ní màá bi í.

Ẹ̀yin òǹkàwé, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí kọ́, èyí tó tẹ̀lé e ni ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn yóò dópin. Bí mo bá fún un ní lẹ́tà yìí, ìdí rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kedere, ọ̀gá kọ ọ́ síbẹ̀ pé sùúrù ló mú un yọ. Á kà á, á gbójú sókè sí mi bó ti ṣe lọ́jọ́ tó ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá rẹ̀ á gbọ́. Bí mo bá ya á, á máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ títí ọmọ yẹn á fi wọlé ọkọ. Kí ni kí n ṣe? Ṣé ọ̀nà kankan wà, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, tí obìnrin yìí fi lè lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ó di tísà, kí ó lọ mú ọmọ rẹ̀ wálé, kí ó má sì mọ̀ láéláé pé kò sí ohun tó ṣe é rí? Bí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹ tètè kọ̀wé sí mi. Bí kò bá sí, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu.